Ọkọ̀ Ojú Omi Bàbá Lydia

Nígbà tí Dúródọlá ra ọkọ̀ ojú omi, gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Angwan Rukuba ní Jos ló gbọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Jos tí à ń wí yìí, orí òkè ló wà, àpáta ló yí i ká, òkun sì jìnnà sí i. Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kùsà níbẹ̀, ilé ló máa ń kọ́ sí ìlú rẹ̀. Wọn á gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, á di ẹrù rẹ̀ sínú rélùwéè, ó di ilé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n Dúródọlá, ọmọ Ìkirun, tó ṣe fítà, tó ń tún ẹ́ńjìnì ṣe níbi iṣẹ́ kùsà, títí irun rẹ̀ fi funfun, kò kọ́lé, kò sì relé. Ọkọ̀ ojú omi ògbólógbòó ló lọ rà lọ́wọ́ òyìnbó.

Harold ni orúkọ òyìnbó náà. Ọ̀gá ni níbi iṣẹ́ kùsà, àsìkò sì ti tó tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí ìlú wọn. Lẹ́yìn Gyel, ìlú kékeré kan nítòsí Jos, níbi tí àwọn awakùsà ti gbẹ́lẹ̀ gbẹ́lẹ̀ tí wọ́n sì fi ihò sílẹ̀, òjò ti rọ̀ kún ibẹ̀ títí ó fi di adágún ńlá. Lórí adágún yìí ni Harold ti máa ń wa ọkọ̀ náà kiri. Ọkọ̀ náà ní ẹ́ńjìnì, ó sì ní yàrá kékeré kan tí ènìyàn méjì lè sùn sí, bí ẹnì kankan nínú wọn kò bá ti sanra.

Akínwọlé, tí òun àti Dúródọlá jọ ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe, wá bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Dúródọlá ní àgbàlagbà nílò ohun tí yóò máa fi ọwọ́ ṣe. Akínwọlé mi orí, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní òdìkejì adágún yẹn, ilé kan wà tó ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù, ibẹ̀ sì ni Lydia ń gbé, ọmọ kan ṣoṣo tí Dúródọlá bí.

Lydia ti fẹ́ Abraham, tíṣà ọmọ Birom láti Gyel. Dúródọlá ní òun kò ní fi ọmọ òun fún ẹni tí òun kò gbọ́ èdè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òun alára, bí òòlù bá gbá a lọ́wọ́, Haúsá ló fi ń ké. Wọn kò rí i nídìí ìtọrọ ìyàwó, wọn kò sì rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Rhoda, ìyàwó rẹ̀, dá lọ síbi ìgbéyàwó náà, ó sunkún lọ, ó sunkún bọ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí àìsàn fi mú un lọ. Nígbà tí wọ́n ń sin ín, ẹ̀yìn pátápátá ni Lydia dúró sí. Bàbá rẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn.

Láti ìgbà náà ló ti dá wà. Rédíò nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé, bí bátìrì bá sì tán, ìyẹn náà á dákẹ́. Àárò ọmọ rẹ̀ ń sọ ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n báwo ni bàbá ṣe fẹ́ lọ sílé àna tí kò gba ìdáná lọ́wọ́ rẹ̀? Níbo ni yóò dúró sí? Lójú tirẹ̀, ọmọ ló yẹ kó kọ́kọ́ wá kúnlẹ̀. Ọgbọ́n tó wá dá nìyí: bí òun bá ní ọkọ̀ ní Gyel, òun á máa lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé, òun á máa rí ilẹ̀kùn ilé ọmọ òun, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé ọmọ lòun wá wò. Bí ọkọ̀ náà bá sì dára tán, òun á wà á gba orí omi kọjá, òun á fọn fèrè rẹ̀ níwájú ilé náà. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣe fàájì ni.

Bó ṣe di Sátidé àkọ́kọ́, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ. Abẹ́ igi yúkàlípítọ́ọ̀sì ni òyìnbó fa ọkọ̀ náà gòkè sí kó tó lọ. Dúródọlá yí i po, ó ń fi ìka kàn án bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, òórùn epo àti aṣọ tó ti bu jáde sí i. Ó rí ife méjì lórí pèpéle kan. Ọ̀kan ti dúdú ní inú látàrí tíì, èkejì mọ́ bí ìgbà tí wọ́n rà á. Ó wo ife kejì yẹn títí, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Ẹ́ńjìnì kò yọ ọ́ lẹ́nu, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó tú u palẹ̀, ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó pààrọ̀ ohun tó jẹ, kó tó di Kérésì ó ti ń dún dáadáa. Ara ọkọ̀ ló mú wàhálà wá, nítorí pákó ni. Ọyẹ́ ti dé, ẹ sì mọ ọyẹ́ Jos, tó ń la ètè, tó ń la àtẹ́lẹsẹ̀, tó ń la ilẹ̀kùn. Àwọn pákó náà ti súnkì débi pé ìka ń wọ àárín wọn. Òwú gbígbẹ wà láàárín wọn. Dúródọlá rò pé ìdọ̀tí ni, ó fà á dànù. Ó wá lọ bá àwọn tó ń na ara mọ́tò, ó gba fílà, èyí tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀ lára mọ́tò tó máa ń gan bí òkúta. Ó fi dí gbogbo àlàfo náà pátá, ó há a mọ́ ọn dáadáa, ó fi pépà oníyanrìn gbo ó, ó sì kùn ún ní funfun. Fítà ni, ihò ni ihò lójú tirẹ̀, ihò tí ènìyàn bá sì rí, ṣe ni kó dí i kó le.

Bó ti ń kùn ún, obìnrin kan máa ń jáde láti ilẹ̀kùn búlúù láti gbálẹ̀. Ó jìnnà, ojú Dúródọlá kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ìrìn ọmọ rẹ̀. Á dúró, á ṣe bí ẹni ń nu òógùn. Bí obìnrin náà bá wọlé, á padà sídìí iṣẹ́, kò sì ní kọrin mọ́ ní ọjọ́ náà.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Dúródọlá bẹ ẹnì kan tó ní katakata, wọ́n ti ọkọ̀ náà sómi. Ó léfòó, ẹ̀kán omi kan kò wọ inú rẹ̀. Inú Dúródọlá dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Ó wà á dé àárín omi, ó wá wo ara rẹ̀: ṣòkòtò iṣẹ́ ló wọ̀, ọ̀dà sì kún ọwọ́ rẹ̀. Ó ní rárá, òun kò ní lọ fọn fèrè nínú àkísà. Ó wà á padà, ó dè é mọ́ èèkàn, ó di Sátidé mìíràn.

Nígbà tí Sátidé náà dé, bùbá àti ṣòkòtò funfun ló wọ̀, ó dé fìlà. Òrùlé yàrá ọkọ̀ nìkan ló bá lójú omi, ìyókù ti rì. Pákó ti mu omi, ó wú, fílà tó le kò sì fún un láyè, ni àwọn pákó bá ti ara wọn kúrò lára ìṣó. Ó dúró ní etí omi nínú aṣọ funfun. Ilẹ̀kùn búlúù wà ní ṣíṣí. Ìtìjú bò ó, ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, kò sì dé Gyel mọ́ títí òjò ọdún náà fi dá.

Ní àkókò yìí ni Akínwọlé tún wá. Ó ti mọ ohun tó ń ṣe é, ọ̀rẹ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní, "Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì la fi ń fà á mọ́ra. Tìrẹ, ọwọ́ méjèèjì lo fi ń bá a wí."

Dúródọlá po kọfí fún un, wọ́n sì sọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíràn.

Ẹ̀yìn ìkórè ni ojú rẹ̀ là. Obìnrin kan nínú àgbàlá wọn ki ọkọ́ rẹ̀ bọ inú bàsíà omi, nítorí pé ọyẹ́ ti mú kí èèkù rẹ̀ máa yọ. Dúródọlá rí i, ó dúró. Ìyá tirẹ̀ ní Ìkirun kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ ki igi sómi, á mu omi, á wú, á fún ara rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò bèèrè fílà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, omi ló ń bèèrè. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí, nígbà tó wá yíjú láti sọ ọ́ fún ènìyàn, kò rí ẹni sọ ọ́ fún.

Ó padà sí Gyel. Wọ́n fi katakata fà á jáde. Ó ha gbogbo fílà yẹn kúrò, iṣẹ́ ìyà ni, ó kan pákó padà, ó fi òwú tó fi gírísì pa sáàárín wọn, kò há a mọ́ ọn. Wọ́n tún gbé e sí ibi tí omi kò ti jìn, ó sì jẹ́ kó jò. Ó wò ó bó ṣe ń rì títí ìdí rẹ̀ fi kanlẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó padà wá, tó gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, omi mìíràn kò wọlé mọ́. Pákó ti fún mọ́ ara wọn pinpin. Ó tún tú ẹ́ńjìnì tó ti mu omi palẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó dá a padà.

Lọ́jọ́ kan bó ti ń ṣe èyí, obìnrin tòdìkejì jáde. Lọ́jọ́ yẹn Dúródọlá kò díbọ́n. Ó na ọwọ́ sókè, ó jù ú. Obìnrin náà dúró, ó sì ju ọwọ́ padà sí i. Bàbá arúgbó jókòó sínú ọkọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó sùn wọra, irú oorun tí kò sùn láti ìgbà tí Rhoda ti kú.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ló wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá sí òdìkejì. Omi dákẹ́, ẹ́ńjìnì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó dé iwájú ilé, ó fọn fèrè. Ilẹ̀kùn búlúù ṣí, obìnrin kan jáde, ó gbé ìgbálẹ̀ dání. Kì í ṣe Lydia.

Obìnrin náà wá sétí omi, ó kí i káàbọ̀ ní Haúsá, "Baba, sannu da zuwa." Ó ní Lucy ni orúkọ òun. Dúródọlá bèèrè onílé. Lucy ní wọ́n ti gbé tíṣà lọ sí Pankshin láti inú òjò tó kọjá, àwọn sì ni àwọn gba ilé náà lẹ́yìn wọn. Ọwọ́ tó jù sí i lọ́jọ́sí, ọwọ́ àlejò ni.

Lucy wo ọkọ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó bi í bóyá bàbá Lydia ni. Ó ní kí Lydia tó lọ, ó ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún òun. Gbogbo Sátidé ni Lydia máa ń bu oúnjẹ bàbá rẹ̀ sílẹ̀, tó máa ń fi àwo dé e. Bí kẹ̀kẹ́ bàbá bá ti gba ọ̀nà ilé lọ nírọ̀lẹ́, á gbé e fún àwọn ọmọ aládùúgbò.

"Kí ló dé tí kò wá bá mi?" Dúródọlá bèèrè.

Lucy ní, "Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun pé ọmọ tó bá ṣẹ bàbá rẹ̀ kì í yọjú sí i títí bàbá yóò fi pè é. Ó ní òun ń dúró kí ẹ pe òun."

Dúródọlá mọ ọ̀rọ̀ náà. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ ní kékeré ọmọ náà gan-an nìyẹn, ní Yorùbá, bí ọmọ bá fọ́ àwo tàbí tó pẹ́ dé láti ilé ìwé. Lydia kò gbọ́ Yorùbá tó bó ṣe gbọ́ Haúsá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èyí. Dúródọlá sọ̀ kalẹ̀ sínú omi pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé tí ọmọ rẹ̀ ti kó kúrò, ó sì sunkún, kò fi aṣọ bojú.

Àánú ṣe Lucy. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ló bá sọ̀rọ̀ ọmọ. Dúródọlá gbé orí sókè, ó ní ọmọ wo. Lucy ní ọmọ wọn ọkùnrin, pé kó tó lè rìn ni ìyá rẹ̀ ti máa ń gbé e sí ojú fèrèsé, tí á ní kó wo bàbá.

"Ibi tí ẹ wà jìnnà, Baba," ni Lucy wí. "Ọmọdé kò rí ènìyàn, ọkọ̀ ló ń rí. Ọkọ̀ yẹn ló ń pè ní Baba. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó lọ, òrùlé rẹ̀ nìkan ló kù lójú omi, ọmọ náà nawọ́ sí i, ó ń ké pè é títí mọ́tò fi gbé wọn lọ."

Dúródọlá dìde. Ó bi í níbo ni ènìyàn ti ń wọ mọ́tò Pankshin. Lucy júwe ojú títì fún un, ó sì bèèrè pé ọkọ̀ tó fi sílẹ̀ létí omi ńkọ́. Bàbá ti ń lọ, omi ń rọ́ nínú bàtà rẹ̀, kò sì gbọ́ ohun tó bèèrè.