Àrọ̀ Inú Kànga Wa

Ẹ má pè mí ní ìyá rere. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó gbọ́ tán ná.

Ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹja àrọ̀ kan kì í wọ́n nínú kànga. Ó ń jẹ tanwíjì, òun náà la sì fi ń mọ̀ pé omi dáa. Láràárọ̀, ọkọ mi, Bàbá Sàídì, á kọ́kọ́ yọjú wò ó kí ẹnikẹ́ni tó pọnmi.

Aláró ni mí. Nígbà tó ku ọdún mẹ́ta ká gba òmìnira, mo pa omi eérú tí a fi ń po aró tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ́sítíìkì tí wọ́n ń tà l'Ọ́jà'ba, èyí tó ń bó aláró lọ́wọ́. Ẹ̀yìn kànga ni mò ń da ìdọ̀tí rẹ̀ sí. Ọ̀lẹ ni mí, mi ò fẹ́ rìn dé odò.

Òjò dé, àkèré ẹ̀yìn kànga ò ké. Ẹ̀rù bà mí, mo panu mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá àrọ̀ náà tó léfòó. Bàbá Sàídì wà ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Mápó. Mo sáré lọ ra òmíràn láàyè, mo jù ú síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó wò ó títí. "Kúbúrá, àrọ̀ yìí mà rù. Àbí ìwọ lò ń jẹ oúnjẹ ẹ̀?"

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mẹ́rin ni mo pààrọ̀ bẹ́ẹ̀.

Sìdíkátù, ìyàwó ọmọ wa Sàídì, sì wà nínú oyún, omi yẹn ló ń mu. Mo da kọ́sítíìkì nù, mo kó ìkòkò aró lọ sódò, mo ní omi á bọ̀ sípò. Ẹja karùn-ún lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò kú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àkèré ò padà, mo sì mọ̀ pé omi ò tíì dáa. Ojú ń tì mí ni mi ò ṣe sọ ọ́.

Sìdíkátù bímọ, ọmọ ò ké. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni.

Wọ́n fẹ́ wẹ òkú ọmọ náà kí wọ́n tó sin ín. Sàídì gbé garawa, ó fẹ́ lọ pọnmi ẹ̀rọ. Bàbá Sàídì dá a dúró.

"Àrọ̀ ń bẹ láàyè nínú kànga wa. Omi wo ló tún mọ́ jùyẹn lọ? Kúbúrá, ìwọ ni ìyá bàbá ẹ̀, lọ pọn ọ́n wá."

Mo lọ pọn ọ́n.