Àmì Tó Kù Lára Òkúta

Sístà Edith ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ó ní òun kò ní kú kí òkúta ìrántí ẹ̀gbọ́n òun tó dúró ní itẹ́ òkú Mẹ́tọ́díìsì. Ẹ̀gbọ́n náà ni Ọ̀gágun Akínlóyè, tó bá ogun abẹ́lé lọ. A kò rí òkú rẹ̀ gbé wálé. Èmi Obadiah ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lójú ogun, èmi ni mo sì mú ìròyìn ikú rẹ̀ wá. Mo ní orí rẹ̀ wà lórí itan mi títí ẹ̀mí fi bọ́, mo ní mo sin ín. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó wá a lọ.

Irọ́ ni. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ létí odò. Ọkọ̀ tó kẹ́yìn ti fẹ́ ṣí, mo sá wọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni Sístà Edith ń gbé ẹrù Kérésì ránṣẹ́ sí mi láti Agbalata. Mo ń jẹ ẹ́.

Láàárọ̀ Sátidé, Mákánjú afínkùúta gbé òkúta náà dé láti Morogbo. Sístà Edith ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un, bó ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu. Gbémisọ́lá ọmọ Sístà Edith, tó jẹ́ tíṣà, ṣí aṣọ lórí òkúta:

ỌGAGUN AKINLOYE. OBADIAH O FI I SILẸ.

Ó pòṣé. "Bàbá Mákánjú, àmì dà? 'Obadiah, ó fi í sílẹ̀' lẹ kọ yìí o!"

"Ẹni tó gbọ́ Yorùbá á mọ̀ pé 'ò fi í sílẹ̀' ni. Ṣé àmì la fẹ́ jẹ ni?"

"Ẹ bi ìyàwó yín. Láìsí àmì, ọkọ rẹ̀ á di ọkọ́ tó fi ń roko."

Sístà Edith rẹ́rìn-ín. "Mákánjú, fi àmì sí i jàre. Mi ò ní jẹ́ kí òkúta ba Bọ̀ọ̀dá Obadiah lórúkọ jẹ́."

Mákánjú kúnlẹ̀, ó gbé irin lé orí O. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kàwé. Àmì ìsàlẹ̀ ni àbí tòkè?"

Ọwọ́ rẹ̀ gbé òòlù sókè, ó ń dúró dè mí.

"Tòkè," mo ní.

Gbémisọ́lá ní, "Rárá o, Bàbá! Tòkè á ní ẹ fi í sílẹ̀ ni."

"Mo mọ̀. Mo fi í sílẹ̀."

Mo kọjú sí Sístà Edith, mo sọ ti ẹsẹ̀, ti odò, ti ọkọ̀. Mi ò wá àwíjàre kankan.

"Ó wà láàyè nígbà tẹ́ ẹ lọ?"

"Ó ń pè mí."

Mákánjú sọ òòlù kalẹ̀. Nígbà tí Sístà Edith máa sọ̀rọ̀, èmi ló wò, kì í ṣe òkúta.

"Odò wo ni?" ó ní. "Apá ibo létí rẹ̀? Gbémisọ́lá, mú bírò. Ó yẹ kí a ti lọ wá a tipẹ́."