Ọ̀dà Pupa Lára Fílítà

Ohun tó kọ́kọ́ bí Tísà nínú lọ́jọ́ náà ni tọ́ọ̀ṣì. Ó gbé mọ́tò rẹ̀ wá fún sáfíìsì lásán, ohun tí gbogbo ayé ń ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, bàbá arúgbó tó ni ṣọ́ọ̀bù sì na tọ́ọ̀ṣì dúdú kan sí i.

"Ẹ gbà, ìyá mi. Ẹni tó ni mọ́tò ló ń di iná mú níbí."

"Bàbá, ibi iṣẹ́ ni mò ń lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń dúró."

"Kò burú. Ẹ máa gbé e lọ, kí ẹ padà wá lọ́jọ́ tí ẹ bá ráyè."

Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni ń kí èèyàn. Tísà wo ojú rẹ̀, ó wo mọ́tò, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó gba tọ́ọ̀ṣì náà. Ṣé ẹni tó bá kó aṣọ fún alágbàfọ̀ máa ń dúró bá a po ọṣẹ ni? Pé kí wọ́n yí ọ́ìlì, kí wọ́n pààrọ̀ fílítà, kí wọ́n yẹ bíréèkì wò, ohun kékeré bẹ́ẹ̀ ti wá di ohun tó ń gba oorun lójú rẹ̀ láti oṣù mélòó kan.

Kì í ṣe pé mọ́tò náà jọ ọ́ lójú. Kékeré ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kan kì í sì í ṣí láti inú. Ṣùgbọ́n òun ló ń gbé ìyá Tísà lọ sí ilé ìwòsàn ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn tí kíndìnrín màmá ti daṣẹ́ sílẹ̀. Aago méje ààbọ̀ ni wọ́n ń so màmá mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Bí aago mẹ́jọ bá lù tí kò tíì dé, ẹlòmíràn ni wọn yóò fún ní ààyè rẹ̀, ẹsẹ̀ màmá yóò sì wú títí di ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mọ́tò ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀kejì, màmá jókòó sórí òkúta létí títì, ó ń mí gúlegúle, ó sì ń bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó má sunkún. Tísà kò sunkún. Inú ló ń bí i, nítorí mọ́tò ọ̀hún kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì dé.

Mẹkáníìkì náà ni gbogbo èèyàn ń pè ní Dókítà Mọ́tò. Ọ̀rẹ́ ọkọ Tísà ni láti kékeré, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ọkọ Tísà ní tirẹ̀, pátákó ló ń kọ: òun ló ń fi ọ̀dà kọ orúkọ sójú ṣọ́ọ̀bù fún àwọn oníṣòwò. Ọ̀fẹ́ ló kọ ti Dókítà fún un, lẹ́tà gbàgàdà gbàgàdà, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní òjìji tirẹ̀ lápá ọ̀tún. Bó ṣe máa ń kọ ohun gbogbo nìyẹn. Kódà bó bá kọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà sórí pépà fún Tísà, á fi òjìji sí i. Gbogbo Sátidé ni àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ń jókòó sábẹ́ pátákó náà, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín ohun tí ẹlòmíràn ò mọ̀. Bí Tísà bá gbé mọ́tò dé, Dókítà á ti juwọ́ sí i láti ọ̀ọ́kán: "Ìyàwó wa! Ẹ lọ fọkàn balẹ̀ o, bí mo ṣe ń ṣe ti ara mi ni." Tó bá padà lọ́sàn-án, á bá gírísì tútù lójú ẹ́ńjìnì níbi gbogbo, bí ọmọ tí wọ́n fi ìpara pa lára láìwẹ̀.

Tísà ni tísà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń fi bírò pupa ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Lẹ́yìn tí mọ́tò kú lẹ́ẹ̀kejì, ó mú ọ̀dà èékánná pupa, ó fi sàmì sí etí fílítà afẹ́fẹ́, ó sàmì sí orí púlọ́ọ̀gì kan, ó sì na ọwọ́ wọlé títí tó fi kan ìdí fílítà ọ́ìlì, ó sàmì síbẹ̀ náà. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé mọ́tò fún Dókítà. Dókítà ní òun ti pààrọ̀ ohun gbogbo, tuntun ni látòkè délẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, Tísà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nílé. Àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dán.

Ọkọ rẹ̀ ń fi àkísà nu búrọ́ọ̀ṣì nígbà tó sọ fún un. Kò gbójú sókè.

"Ọ̀dà èékánná? Ṣé nítorí ọ̀dà èékánná lo ṣe fẹ́ kí n ba ọ̀rẹ́ ọgbọ̀n ọdún jẹ́?"

"Ẹ wá wò ó fúnra yín."

"Kí ni mo mọ̀ nínú ẹ́ńjìnì? Bóyá ó fọ̀ ọ́ ni, ó dá a padà. Dókítà ò lè rẹ́ mi jẹ, Tísà. Kò lè ṣe é."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló ń pọn màmá sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láràárọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan Dókítà, etí rẹ̀ á di pátápátá. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Tísà fi ń gbé àwo kalẹ̀ pẹ̀lú ariwo.

Ó bínú gbé mọ́tò lọ sí ilé iṣẹ́ àtúnṣe mọ́tò ńlá kan tí wọ́n fi gíláàsì kọ́ yí ká. Níbẹ̀, ọmọbìnrin kan fún un lómi tútù, ó fún un ní àga tó ń yí. Lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n fún un ní pépà tó ní ìlà méjìlélọ́gbọ̀n, wọ́n sì máàkì gbogbo rẹ̀ pé ó yege. Kó tó dé ilé ló ti páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dà pupa wà níbẹ̀. Ó padà sínú mọ́tò, ó ka pépà náà látòkè, ó dé ìlà kọkàndínlọ́gbọ̀n: wáípà ẹ̀yìn, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mọ́tò Tísà kò ní wáípà lẹ́yìn. Kò ní in rí. Ó yí padà lọ bá ọ̀gá wọn, ọ̀gá náà sì rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Kọ̀ǹpútà ló tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, mà." Tísà mọ ọmọ tó bá kọ ìdáhùn láìka ìbéèrè. Òdo ló máa ń fún un.

Awakọ̀ tó ń gbé aláìsàn fún ilé ìwòsàn ló júwe bàbá arúgbó yìí fún un. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ Bàbá Onítọ́ọ̀ṣì ni à ń gbé tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mú sùúrù dání o, mà."

Ìyẹn ló ṣe wà níbí báyìí, tí apá ń ro ó.

"Ọwọ́ òsì, ìyá mi. Ẹ gbé e sókè díẹ̀. Ẹ má tàn án sí mi lójú."

Bàbá tú táyà iwájú kan, ó fa nǹkan pẹlẹbẹ kan yọ, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ Tísà. Páàdì bíréèkì ni, ó ti jẹ tán dé irin. Ó kù díẹ̀ bí bísíkíìtì tí ọmọdé jẹ kù.

"Ìgbà wo lẹ yí èyí gbẹ̀yìn?"

"Wọ́n ní wọ́n yí i ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn."

Bàbá kàn mi orí. Tísà wo irin ọwọ́ rẹ̀. Òkè tí ọwọ́ rẹ̀ tó nìkan ló ń kùn ní ọ̀dà. Kò wá sí i lọ́kàn láti ṣọ́ ibi tó ń dá mọ́tò dúró.

Nígbà tí bàbá dé orí púlọ́ọ̀gì, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló kun èékánná fún èyí?"

"Èmi ni," ni Tísà wí. Ojú tì í.

"Ẹ má jẹ́ kójú tì yín. Nítorí ẹ̀ ni mo fi ń fún èèyàn ní tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ti fi ojú ara ẹ̀ rí i, kò ní í padà wá máa bú mi." Ó ti wọ abẹ́ mọ́tò lọ báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù níta. Ọ́ìlì dúdú ń ṣàn sínú bàsíà. Bàbá pè é. "Ìyá mi."

"Bàbá?"

"Ẹ̀yin méjì lẹ̀ ń fi ọ̀dà ṣọ́ mọ́tò yìí o."

Ó na fílítà ọ́ìlì jáde sí i. Àmì pupa Tísà wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí ẹ́ńjìnì, níbi tí ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò nìkan ti lè rí i, ẹnì kan ti fi ọ̀dà funfun kọ déètì síbẹ̀. Déètì mẹ́rin ni, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, ó tò gẹ́ẹ́. Èyí àkọ́kọ́ ti lé ní ọdún méjì. Èyí tó kẹ́yìn ni Sátidé tí Dókítà ní òun pààrọ̀ ohun gbogbo, ọjọ́ kan kí Tísà tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní òjìji tirẹ̀ lápá ọ̀tún.

"Ẹ dá iná padà síbí, ìyá mi," ni bàbá wí láti abẹ́ mọ́tò.

Tísà di iná mú títí iṣẹ́ fi parí. Ó bẹ bàbá pé kó má ju fílítà náà nù, ó sì fi náílọ́ọ̀nù wé e.

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ ń mu tíì. Ó gbé fílítà sórí tábìlì níwájú rẹ̀, apá funfun sókè. Ọkọ rẹ̀ wò ó, ó gbé ife sílẹ̀, kò sì bèèrè ohun tó jẹ́.

"Kí ni mo mọ̀ nínú ẹ́ńjìnì," ni Tísà wí. "Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Nígbà àkọ́kọ́, mo ní bóyá ó gbàgbé ni," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Nígbà kejì, mo lọ láti bá a sọ ọ́. Mo débẹ̀, ó ti gbé àga sílẹ̀ dè mí. Tísà, tí mo bá la ẹnu báyìí, ó parí nìyẹn. Mi ò ní ọ̀rẹ́ míì."

"Ẹ sì jẹ́ kí n máa gbé ìyá mi sínú ẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ yí apá funfun fílítà náà sísàlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n rò pé orí mi ló dàrú! Oṣù mẹ́ta! Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ̀ ń nu búrọ́ọ̀ṣì, ẹ ní ọ̀dà èékánná!"

Inú bí i dé ibi tí kò mọ ohun tí yóò ṣe mọ́. Ó wù ú kó sọ fílítà náà lu ògiri. Ìbínú Dókítà, ti ilé gíláàsì, gbogbo rẹ̀ kéré sí èyí, nítorí àwọn yẹn kò tíì pọn màmá rí. Ó da tíì inú ife náà sínú síǹkì, kò sì wo ẹ̀yìn. "Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀yin náà ń bá wa lọ. Ẹ mú fílítà yìí dání."

Ní ọjọ́ Ẹtì, Tísà ló wa mọ́tò, màmá jókòó níwájú, ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù fílítà náà lórí itan rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Níbi tí títì ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sí ìsàlẹ̀, ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ já síwájú wọn lójijì. Tísà tẹ bíréèkì. Mọ́tò dúró lójú ẹsẹ̀, ó kù díẹ̀ kó kan kẹ̀kẹ́. Ọkùnrin náà juwọ́, ó sì kọjá lọ.

Màmá fi ọwọ́ di àyà mú títí ó fi mí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yí ọrùn padà díẹ̀díẹ̀ sẹ́yìn.

"Àna mi, ẹ ṣeun o. Ẹ̀ ń tọ́jú mọ́tò yìí fún mi gan-an. Mo máa ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì."

Nínú dígí, Tísà rí ọkọ rẹ̀ tó tẹjú mọ́ náílọ́ọ̀nù orí itan rẹ̀.

"Èmi kọ́, màmá," ni ó wí. "Ìyàwó mi ni. Èmi, mo mọ̀ pé kò dáa, n ò sọ."

"Kí lẹ mọ̀, àna mi?"

Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀nà ilé ìwòsàn kò jìnnà mọ́.

"Ẹ dá wọn lóhùn," ni Tísà wí, ó sì ń wa mọ́tò lọ.