Àwòrán Tí Dùnsìn Yà Ní Sitédíọ̀mù

Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí Dùnsìn ṣẹ Dìran ni pé ó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Niger Street nílẹ̀ Hausa, ó sì ṣí tirẹ̀ sí òdìkejì títì. Láti ìgbà náà ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fọ́tò ti sọ ọ́ di ọ̀tá.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé kan, àwọn olórin rọ́ọ̀kì kan ti Èkó wá, èrò sì kún sitédíọ̀mù bámúbámú. Àwọn ayàwòrán tó fi káàdì àṣẹ kọ́rùn nìkan ni wọ́n gbà láàyè sáàárín pèpéle àti irin tí wọ́n fi dí èrò lọ́nà. Dùnsìn kò tíì gbé kámẹ́rà sójú tí ìgúnpá fi bà á níhà.

"Ta ló fún ọ ní káàdì?" Dìran ni.

"Àwọn tó fún yín náà ni, Bọ̀ọ̀dá Dìran."

"Má pè mí ní bọ̀ọ̀dá. Olè!"

Ó yíjú sí ẹ̀ṣọ́ kan, ó fi Hausa sọ fún un pé káàdì jíjí ni obìnrin yìí fi kọ́rùn. Ẹ̀ṣọ́ náà kò bèèrè ọ̀rọ̀ kejì. "Ke! Fita!" Ó ní kó jáde, ó já káàdì lọ́rùn rẹ̀, ó tì í jáde sáàárín èrò.

Ibẹ̀ náà kò sàn. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọ̀rá omi ń fò lókè, ariwo sípíkà ń mi àyà rẹ̀ tìtì. Ó rá pálá gun àga òkè, ó fi lẹ́ǹsì gígùn wá ojú olórí àwọn olórin. Inú ń bí olórin náà. Wọ́n ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má tan iná kámẹ́rà, síbẹ̀ Dìran ń tan tirẹ̀ sí i lójú léraléra. Lójijì, ọkùnrin náà fa irin makirofóònù yọ, ó sọ ọ́ lù ú.

Dùnsìn tẹ kámẹ́rà. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Irin lófuurufú, irin lójú Dìran, ẹ̀jẹ̀. Àánú kò ṣe é rárá. Inú rẹ̀ ń dùn, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà á nígbà tó délé.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn olórin ní wáyà ló gbé Dìran ṣubú. Àwọn ayàwòrán yòókù ní àwọn ò rí nǹkan kan, kí wọ́n má baà pàdánù iṣẹ́.

Nígbà tó yá, Dìran wọ ṣọ́ọ̀bù Dùnsìn, báńdéèjì lójú, ìyàwó rẹ̀ Evelyn dì í lọ́wọ́ mú. Kò kí i.

"Wọ́n ní àwọn rí ọ lórí àga òkè. Wọ́n ń pa mí lọ, o dúró, o ń ya fọ́tò."

"Ìtòsí yín ni ǹ bá wà, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n lé mi."

Evelyn kúnlẹ̀. "Dùnsìn, jọ̀ọ́, fún wa ní àwòrán tó o yà, ojú yẹn ò ní ríran mọ́. Wọ́n ń pè wá ní òpùrọ́."

"Dìde ńlẹ̀!" Dìran jágbe.

"Ẹ sọ pé n ò jí káàdì, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ sọ ọ́ lásán."

Dìran yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

Dùnsìn fa Evelyn dìde, ó sì fi àwọn àwòrán náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. "Àǹtí, ẹ̀yin ni mo fún o. N ò fún ọkọ yín."

Nígbà tí olórin náà rí àwòrán ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó gbà pé òun ló ju irin náà. Ọ̀gá ọlọ́pàá wá bèèrè lọ́wọ́ Dìran pé ta ló ya àwòrán náà.

"N ò mọ̀ ọ́n," ni Dìran wí.

Dùnsìn, tí Evelyn bẹ̀ pé kó bá wọn wá, tó sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dìran lórí bẹ́ǹṣì kan náà, dìde, ó sì dárúkọ ara rẹ̀.