Ibi Tí Wọ́n Tẹ́ Ayọ̀fẹ́ Sí

Orúnkún ọ̀tún ló kọ́kọ́ kọ̀. Sàdíátù ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ọgbà ìgbafẹ́ ìlú, èkejì ní òun kò bá a lọ. Ó di irin géètì mú, ó ń mí, ó ń wo ẹ̀yìn Akọ̀wé tó ti ṣáájú rẹ̀ wọlé, tó ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀ gbọ́ngbọ́n. Kèké tó gbé wọn wá ti yí padà lọ. Kò sí bí wọ́n ṣe lè ní àwọn kò ṣe mọ́.

Akọ̀wé ní kó rọra. Ó ní òun ń padà bọ̀ wá bá a, kó má sáré fún òun, òun náà kì í kúkú ṣe ọmọdé mọ́.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni. Zakariyah ni bàbá tó bí i sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ. Nígbà tí wọ́n gbé Sàdíátù wọlé, ilé ìwé ni ọmọkùnrin náà ń lọ, tó ń fi bírò há etí kiri àdúgbò, ló bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Bírò ti kúrò létí tipẹ́, oko ló padà fi ayé rẹ̀ ro ní Ìbẹ̀fún, síbẹ̀ orúkọ náà kò kúrò lára rẹ̀. Lọ́la, ọmọ rẹ̀ Adélékè ń bọ̀ wá gbé e lọ sí Àbújá, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kò sì sí ẹni tí ń se oúnjẹ fún un láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé bí àgbà bá bá ọmọ lọ sí Àbújá, òkú rẹ̀ ló sábà máa ń padà bọ̀ wálé. Sàdíátù náà mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi pè é lórí fóònù, tó bẹ̀ ẹ́ pé kó tó lọ, kó wá fi ibi tí wọ́n tẹ́ Ayọ̀fẹ́ sí han òun.

Ayọ̀fẹ́ ni àkọ́bí rẹ̀. Ibà ló pa á, kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ilé àyágbé ni wọ́n ń gbé nígbà náà, ta sì ni onílé tí yóò gbà kí ayálégbé sin òkú sí ẹ̀yìnkùlé òun? Wọ́n ní kí òun àti ọkọ rẹ̀ jókòó sínú yàrá, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé, àwọn ọkùnrin ilé sì gbé ọmọ náà lọ sí itẹ́ òkú ìlú. Òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Èèwọ̀ ni, mùsùlùmí ìbáà jẹ́, onígbàgbọ́ ìbáà jẹ́. Nígbà tí àwọn tó lọ padà dé, wọ́n fọ ẹsẹ̀ wọn níta, wọ́n wọlé wá sọ fún un pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ó bí mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo wọn ló yè. Agbè ò fọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n omi tó dànù kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ rí, ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ láti máa dibọ́n pé ó ti kúrò.

Nínú àwọn tó lọ sin ín, Akọ̀wé nìkan ló kù láyé.

Ọgbà náà dára, kí a má parọ́. Wọ́n gbin òdòdó sí ẹsẹ̀ ògiri, wọ́n tẹ́ tàìsì pupa sí ojú ọ̀nà, wọ́n to bẹ́ńṣì sábẹ́ igi. Kí wọ́n tó sọ itẹ́ òkú náà di ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n ti ké e lórí rédíò pé kí ẹni tó bá ní òkú níbẹ̀ wá fi ojú ibojì rẹ̀ hàn, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ olókùú jáde. Wọ́n fi ti bàbá wọn hàn, wọ́n fi ti ìyá wọn hàn, ìdí nìyẹn tí àwọn òkúta àtijọ́ kan fi ṣì dúró láàárín koríko títí di òní. Ìhà ti àwọn ọmọdé ni kò sí ẹni tó wá. Òbí wo ni yóò jáde sọ pé òun mọ̀? Àwọn tó sì mọ̀ ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ẹnu àwọn kọ́ ni òbí yóò ti gbọ́ ọ. Gààrí ni Sàdíátù ń yan lọ́jọ́ tó gbọ́ ìkéde náà. Ó pa rédíò, ó sì ń yan gààrí rẹ̀ lọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n wá láti Ìjagun ń ya fótò nídìí ibojì olùkọ́ ìjọ kan. Ọ̀kan fi ìgbọ̀nwọ́ ti òkúta náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Sàdíátù fẹ́ bínú, ó rí i pé kò sí agbára ìbínú lára òun. Akọ̀wé kò tilẹ̀ wò wọ́n. Ó mú un gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ títí wọ́n fi dé abẹ́ igi fúrúùtù ńlá kan ní kọ̀rọ̀, ó na ọ̀pá sí ilẹ̀.

"Ibí ni."

"Ibí gan-an?"

"Ibí gan-an, ìyàwó."

Kò lè kúnlẹ̀. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi náà, ó tẹ́wọ́, ó ka Fátíhà, ó ṣàmín, ó fi ọwọ́ pa ojú. Ó wá ń retí. Ó rò pé ẹkún yóò dé, tàbí ìmí ẹ̀dùn kan báyìí tí ó ti há sí i láyà láti ìgbà yẹn wá. Ohun kan kò dé. Ewé fúrúùtù kan já bọ́ sí i lẹ́sẹ̀, orúnkún ń ro ó, oorun ń kùn ún. Ojú tì í. Gbogbo ọdún tí mo fi ń wá ọ, ó ń sọ ọ́ nínú ara rẹ̀, mo dé tán, ibùsùn ni mò ń rò.

Akọ̀wé dúró, kò jókòó, kò sì wo ibi tó na ọ̀pá sí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Èmi ni mo gbé e lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí n gbé e fún àgbà, mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni." Ó nu ojú rẹ̀. "Kò wúwo rárá."

Sàdíátù kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí í sọ irú rẹ̀ fún ìyá, bẹ́ẹ̀ ni ìyá kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sin ọmọ rẹ̀. Ó dúpẹ́ wàyí. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ náà, Akọ̀wé." Ọkùnrin náà mi orí, ó ní kí wọ́n máa lọ, oòrùn ti ń mú.

Ọ̀nà tó lọ tààrà sí géètì ni wọ́n gbà padà, òun ló yá jù. Wọ́n ti rìn ín dé ìdajì nígbà tí Akọ̀wé ṣàdédé bọ́ kúrò lórí tàìsì, tó kó sínú koríko. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọgbà náà pè é láti òkèèrè pé bàbá, ọ̀nà rèé, a kì í tẹ koríko. Akọ̀wé tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ní kí a má tutọ́ síbì kan, ńṣe ni yóò gbé itọ́ mì, kò padà sórí tàìsì. Ó ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀ lọ lójú tó ń ṣe bàìbàì, ó yí ibì kan lórí tàìsì náà po lọ́nà jíjìn. Ó ṣí fìlà, ó fi í sí àyà, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó yí i po tán, ó padà sórí tàìsì lápá kejì, ó dé fìlà, ó dúró dè é.

"Tàìsì yẹn ń yọ̀," ló wí.

Ọyẹ́ ló wà lóde. Òjò kò tíì kan ilẹ̀ náà láti ìgbà tó ti mú. Sàdíátù wo tàìsì gbígbẹ tó wà níwájú rẹ̀, ọmọbìnrin kan ń rìn bọ̀ lórí rẹ̀, ó ń mu omi inú ọ̀rá. Ọ̀nà gbọọrọ ni, ìhà àwọn ọmọdé tí ẹnikẹ́ni kò wá sọ̀rọ̀ sí ni wọ́n là á gbà. Ara rẹ̀ ti mọ̀ kí orí rẹ̀ tó mọ̀. Ohun tó ń retí nídìí igi fúrúùtù dé bá a lórí ìdúró, lójú oòrùn, ó sì wúwo ju bó ti rò lọ.

Ó kọ́kọ́ bínú. Akọ̀wé ti tàn án. Ó mú un lọ sábẹ́ igi lásán, ó jẹ́ kó kéwú sí ilẹ̀ tí kò ní nǹkan kan nínú. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó rí bàbá arúgbó náà tó dúró, tó ń fi ojú tí kò ríran dáadáa wá ojú rẹ̀, ó sì rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Ó ti ń ru èyí láti ìgbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Kò rí ẹni sọ ọ́ fún, ìyá ọmọ ni èèwọ̀ ní kò gbọ́dọ̀ gbọ́.

Sàdíátù fi tàìsì sílẹ̀. Ó gba inú koríko, pẹ̀lú orúnkún tó ń ké, ó tẹ̀ lé ibi tí ẹsẹ̀ Akọ̀wé ti tẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọgbà tún pariwo, ó sì sú u, ó dákẹ́.

"Ṣé ọkàn yín ti balẹ̀ báyìí?" Akọ̀wé bi í nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ó ti balẹ̀. Tàìsì yẹn ń yọ̀ lóòótọ́."

Akọ̀wé mí kanlẹ̀. Sàdíátù di apá rẹ̀ mú. Lọ́la, bí mọ́tò Adélékè bá ti gbé e lọ tán, òun lè padà wá, òun lè jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ó wù ú kó bojú wẹ̀yìn nísinsìnyí, ó wù ú débi pé ọrùn rẹ̀ ń dùn ún. Bí ó bá bojú wẹ̀yìn, Akọ̀wé yóò mọ̀ pé ó ti mọ̀. Ó bi ọkùnrin náà bóyá ó ti di ẹrù rẹ̀ tán, bóyá ó mú aṣọ òtútù, wọ́n sì rọra ń lọ.