Ọmọ Tí Wọ́n Ní A Kò Bí

"Kò sẹ́ni tó bímọ ńlé yìí, kò sẹ́ni tó kú," ni Hamida, ìyá ọkọ Morjina, wí kí Kohinur tó jókòó dáadáa. Kohinur ló ń wá sójúlé kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, tó ń kọ ẹni tí wọ́n bí àti ẹni tó kú, kí ìjọba lè mọ̀ bóyá èèyàn ń pọ̀ sí i tàbí wọ́n ń dín kù.

Morjina wà nídìí ààrò, ó ń fọ ìrẹsì. Ọmú ṣì ń ro ó. Ọmọbìnrin tó bí lóṣù tó kọjá kò dé ọjọ́ keje tí wọn ì bá fá orí rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ lábúlé wọn. Wọ́n ní bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, yóò wá mú àbúrò rẹ̀ lọ. Àbúrò tí kò tíì sí nínú, òun ni wọ́n torí ẹ̀ ń sẹ́ ẹ̀gbọ́n!

"Irọ́ ni," Morjina ní. "Mo bímọ. Ó sì kú."

"Panu ẹ dé! Ìyàwó burúkú!"

"Ẹ má jà," Kohinur ní. "Àbúrò mi, bí mo bá kọ ìbí kan, kí n tún kọ ikú kan, iye èèyàn abúlé ò yí padà. Kí la wá ń jà sí?"

"Kò yí padà?" Morjina gbé abọ́ ìrẹsì kalẹ̀ gbà-á. "Àǹtí, wọ́n ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Tèmi kú, ẹ tún fẹ́ kó nù! Gbogbo wa là ń sin ọmọ sídìí ọparun, ẹ wá ń sọ fún ìjọba pé ọmọ wa kì í kú. Ta ló máa rán agbẹ̀bí síbi tí ọmọ kì í kú?"

Ojú ti Kohinur. Àwọn ìyá ọkọ nìkan ló ti ń bi léèrè láti ọjọ́ yìí wá. Ó ṣí ìwé àti bírò rẹ̀. "Orúkọ ńkọ́? Àbí kí n kọ pé kò ní?"

"Bó o bá dárúkọ ẹ̀," Hamida ní, "ilé bàbá ẹ lo máa sùn lónìí."

"Jhumur!" Morjina pariwo ẹ̀ kí àwọn ará ilé kejì lè gbọ́. "Jhumur lorúkọ ẹ̀!"

Kohinur kọ ọ́. Hamida fò dìde láti já ìwé náà gbà, ṣùgbọ́n Morjina ti dúró sáàárín wọn, omi ìrẹsì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ lè lé èmi," ó ní. "Ẹ ò lè lé Jhumur mọ́. Ó ti di ará abúlé yìí."