Ogójì Ilé Tí Kò Ní Tanwíjí

Rọ̀kíbátù fi eyín já òwú, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ na etí síkẹ́ẹ̀tì náà kó lè gún. "Ó ti parí. Yí padà kí n wò ọ́."

Tinúadé yí padà nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró náà ní Marché Congo, ọjà àwọn aláṣọ, ṣùgbọ́n aago ló ń wò. Tó bá di aago mẹ́wàá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Martine, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ nídìí ìwádìí ẹ̀fọn, yóò dúró níwájú pátákó tí Tinúadé lẹ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ mọ́ níbi àpérò àgbáyé tó ń lọ lọ́wọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Bonapriso. Ààyè kan ṣoṣo ló wà fún àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀: ọdún kan nínú ilé ìwádìí Martine ní Faransé. Victor, ọ̀dọ́ onímọ̀ bíi tirẹ̀, náà ń wá a. Ṣùgbọ́n ta ló ní irú iṣẹ́ ti Tinúadé? Ogójì ilé àwọn Yorùbá oníṣòwò aṣọ ló wọ̀, kò sì rí tanwíjí kan ṣoṣo nínú omi wọn. Ní àdúgbò Bassa, lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́, gbogbo báàfù ló kún fún ọmọ ẹ̀fọn tó ń jó lókè lódò. Ó kọ ọ́ pé káńfọ̀ tí àwọn oníṣòwò ń fi sáàárín aṣọ ló ń lé ẹ̀fọn. Inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀ gan-an, ká má purọ́.

"Ìyá Àmírát, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ilé," ó sọ fún Rọ̀kíbátù.

"O kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé wa mọ́?"

"Mo kọ ọ́, mà."

"Alhamdulilah! A mà ṣiṣẹ́ o. Bí o ṣe ránṣẹ́ pé Sátidé lo ń bọ̀, Mọ́rúfù ará ilé wa fín oògùn yíká àdúgbò, a da gbogbo omi nù, a fi ọṣẹ fọ dúrọ́ọ̀mù. Nítorí ìjà ilẹ̀ Bakassi yìí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè carte de séjour, ìwé ìgbélùú, lọ́wọ́ wa. Ṣé ká tún jẹ́ kí wọ́n kà á nínú ìwé pé àwa ọmọ Nàìjíríà la ń sin ẹ̀fọn fún wọn?"

Ó yé Tinúadé lójijì pé kì í ṣe káńfọ̀ ló lé tanwíjí. Lóòótọ́ ló ránṣẹ́ síwájú. Ta ni yóò ṣàdédé já wọ ilé àgbà? Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì wá bẹ́ńsíkìn gùn.

Lẹ́yìn ọlọ́kadà náà, ó ń bá ara rẹ̀ jiyàn. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ó dáa, ogún ọdún pọ̀; ọdún kan péré ni òun ń wá.

Nígbà tó dé, Martine ti tẹ̀ síwájú pátákó, gíláàsì lórí imú. "Káńfọ̀!" ó fi Faransé sọ. "Mi ò rò ó rí. Iṣẹ́ tó dára ni."

Ẹ̀rín músẹ́ kan ṣoṣo ló kù kí Tinúadé rín, kí ààyè náà lè bọ́ sí i lọ́wọ́. Ojú tì í, kò lè rín in.

"Kì í ṣe káńfọ̀, Madame. Wọ́n ti tún ilé ṣe dè mí ni. Mo ti ránṣẹ́ pé mò ń bọ̀."

Martine yọ gíláàsì rẹ̀. Kò bínú. "Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń wọ ilé onílé," ó ní, "mi ò bi ara mi rí pé kí ni wọ́n gbé pamọ́ kí n tó dé." Ó tún wo pátákó náà. "Bassa ńkọ́? O ránṣẹ́ sí wọn?"

"Rárá."

"Kí ló dé?"

Martine gbọ́wọ́ lé Tinúadé léjìká, ó sọ fún un láìfi bò pé ààyè ọdún yìí kò lè jẹ́ tirẹ̀, ó sì kọjá sídìí pátákó Victor. Ó dun Tinúadé wọ egungun.

Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo orúkọ àdúgbò méjèèjì lórí pátákó rẹ̀, ti àwọn Yorùbá àti Bassa. Obìnrin kan wá sí i lọ́kàn, ní Bassa, tó gbọ́mọ pọ̀n, tó ń fi ẹsẹ̀ ti báàfù sẹ́yìn ilẹ̀kùn wéré wéré. "Sista, sorry. I no know say you di come." Tinúadé ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ki síbí bọ omi, ó ka tanwíjí méjìlélọ́gbọ̀n, ó pa ìwé dé, ó bọ́ sí ilé kejì. Kò ránṣẹ́ sí obìnrin náà ṣáájú, kò tilẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀.